Kọ̀ǹpútà Tó Kọ Iná Àjẹkù

Bí Kafilatou bá ti tẹ bọ́tìnì, fáànù kọ̀ǹpútà rẹ̀ á yí díẹ̀, á sì dákẹ́. Tonton Alidou, àbúrò bàbá rẹ̀, ti sọ ọ́ lójú gbogbo ará ilé: bí ẹ̀rọ náà kò bá jí kí kajú òun tó dé láti Sanson, kí Kafilatou palẹ̀ mọ́. Yàrá tó ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin Tchatchou ní kọ̀ǹpútà yóò di àká. Ọkọ̀ kajú sì ti dé ẹnu ọ̀nà báyìí.

"Ó ti kú, Kafi," ni Tonton wí. "Òkú kì í jí."

Inú bí Kafilatou. Ta ló sọ pé ó kú? Pírósẹ́sọ̀, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, kì í dédé dìde. Bí a bá tẹ bọ́tìnì, àpótí iná inú ẹ̀rọ á kọ́kọ́ yẹ iná wò. Bí iná bá dúró ṣinṣin ni ọpọlọ á tó rí ìtúsílẹ̀. Kò mọ nǹkan kan nígbà náà ju ibì kan ṣoṣo tí yóò ti gba àṣẹ àkọ́kọ́. Bí iná bá tún rẹlẹ̀, àpótí iná á tún dá a dúró. Ebi iná ló ń pa á.

Ta ló wá ń jẹ ẹ́? Kafilatou tọ wáyà láti ìdí bátìrì tó ń tọ́jú iná oòrùn pamọ́ fún kọ̀ǹpútà dé ẹ̀yìnkùlé. Fírísà, kọ́ńgẹ́lá tí Tonton fi ń ta omi tútù, ló bá níbẹ̀, ó ń jẹ iná oníná bí ẹni ń jẹ ogún. Ìyá Kafilatou ló ra páànẹ́ẹ̀lì orí òrùlé tó ń fún bátìrì náà ní iná fún ọmọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó tọrọ iná lọ́wọ́ Kafilatou.

Ó fa wáyà náà yọ. Ó padà wọlé, ó tẹ bọ́tìnì. Fáànù yí, kò dúró mọ́. Ẹ̀rọ náà ké lẹ́ẹ̀kan, ó yẹ ara rẹ̀ wò, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ kedere.

"Bon, ó ti jí," ni Tonton wí. "Lọ dá iná kọ́ńgẹ́lá mi padà, yìnyín mi ń yọ́. Kí wọ́n sì máa kó kajú wọlé."

"Rárá, Tonton. Iná yẹn, tèmi ni. Ẹnu yín lẹ sì fi sọ pé bó bá jí, mo ní yàrá."

"Èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ báyìí?"

"Ẹ̀yin ni, Tonton. Ẹ má bínú."

Awakọ̀ bèèrè ibi tí òun yóò já ẹrù sí. Kafilatou gbé àga rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó. Ẹni tó bá fẹ́ gbé kajú wọlé, orí òun ni yóò gbà kọjá.