Ibi Tí Ohùn Ti Ya

Ohùn náà tún ya. Bàbá Etí fa ìlà kékeré kan sórí ìwé. Ó ti di mọ́kànlélógójì láàárọ̀ yìí nìkan.

Àwọn ará ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn ló sọ ọ́ ní Bàbá Etí, nítorí ó ti pé ọdún mẹ́tàlélógún tó ti ń gbọ́ àwo orin, tó sì ń sọ fún aráyé èyí tó dára àti èyí tí kò sunwọ̀n. Ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ pé etí ọ̀hún, tó ń gbọ́ orin tó bẹ́ẹ̀, kì í gbọ́ "wá fọ abọ́".

Àkójọ orin Kékeré Olóhùn tó gbòde ló wà níwájú rẹ̀: orin méjìlá, àti ẹyọ kan tí wọ́n pè ní tuntun. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni olórin náà. Ta ló ń palẹ̀ iṣẹ́ ayé rẹ̀ mọ́ lọ́mọ ọdún méjìlélógún? Àgbà tó fẹ́ fẹ̀yìn tì ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ọ̀rọ̀ náà ń kọ ọ́ lóminú.

Bàbá Etí kì í gbọ́ àkójọ bí ilé iṣẹ́ tó gbé àwo jáde bá ṣe tò ó. Ó máa ń wá ọjọ́ orí orin kọ̀ọ̀kan, yóò wá gbọ́ wọn láti orí àkọ́bí dé orí àbíkẹ́yìn. Ó ní olórin lè purọ́ nínú orin kan, ṣùgbọ́n kò lè purọ́ nínú méjìlá tó tẹ̀ léra.

Nínú orin àkọ́kọ́, ohùn náà mọ́ gaara, àfi ìfé kékeré tó ń bá ẹnu rẹ̀ jáde, torí eyín iwájú rẹ̀ kan tó kán. Nínú èkejì, ó ya lẹ́ẹ̀kan, níbi tí ọmọ náà ti ń pe ìyá rẹ̀. Nínú ẹ̀kẹta, ó ya lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tó fi máa dé ìkejìlá, díẹ̀ ni ìlà tí kò ya. Wọ́n ti tún eyín ṣe, ìfé ti lọ, ohùn sì ti há bí ilẹ̀kùn tí wọ́n ń fipá ṣí.

Ó wá fi orin tuntun sí i. Ohùn náà mọ́ gaara! Inú rẹ̀ dùn, ó ti mú bírò láti kọ ọ́ pé ọmọ náà ti bọ̀ sípò. Ìgbà náà ló gbọ́ ìfé.

Ó dá a padà, ó tún gbọ́ ọ. Eyín tí wọ́n ti tún ṣe láti ọdún mẹ́ta, ṣé ó tún kán ni? Orin àtijọ́ ni wọ́n gbọn eruku kúrò lára rẹ̀. Ẹni tó bá lè kọrin lónìí kì í lọ yá ohùn lọ́wọ́ ara rẹ̀ ti àná.

Ó yí páálí àwo náà padà láti wo ẹni tó gba ohùn náà sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ló rí, tí wọ́n tẹ̀ ní gàdàgbà: "Ibi tí ohùn rẹ̀ ti ya yẹn ni wúrà rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má tún un ṣe." Òun ló kọ ọ́ lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, nípa orin kejì. Gbogbo ìlú ló ń gbé e kiri nígbà yẹn, òun náà sì gbádùn rẹ̀ dọ́ba.

Fóònù dún. Olóòtú ni.

"Bàbá Etí, aago mẹ́rin o. Ẹ ṣáà sọ fún wa bóyá ó dáa àbí kò dáa."

"Ọ̀rọ̀ ti ju bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ dìwé ńlá mọ́ wa lọ́wọ́."

Nọ́ńbà tí ọmọ náà fi pè é láti dúpẹ́ lọ́jọ́sí ṣì wà lórí fóònù rẹ̀. Ó pè é. Àgbàlagbà obìnrin kan ló gbé e.

"Ìyá ẹ̀ ni mí. Kò lè bá yín sọ̀rọ̀. Dókítà ní kò tiẹ̀ gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ fóṣù mẹ́ta."

Ó sọ ẹni tí òun jẹ́ fún un. Ìyá náà mí kanlẹ̀.

"Bàbá, ẹ bá mi dá sí i. Ó lóun máa gorí ìtàgé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Dókítà ní tó bá dán an wò, ohùn yẹn ò ní padà mọ́. Kò gbọ́ tèmi. Tí mo bá ní kó sinmi, á nawọ́ sí ohun tí ẹ kọ nípa ẹ̀, tó lẹ̀ mọ́ ògiri. Ọ̀fun ló ń dùn ún lọ́jọ́ tó kọ orin kejì yẹn. Ó ń tijú ẹ̀, ó fẹ́ tún un kọ. Ìgbà tí ẹ yìn ín ni kò tún un kọ mọ́."

Bàbá Etí fẹ́ sọ pé òun kò mọ̀, ṣùgbọ́n kí ló jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ bí kò ṣe láti mọ̀? Ẹyin lọ̀rọ̀, èyí ti balẹ̀ láti ọdún mẹ́rin, ọ̀fun ọmọ ọlọ́mọ ló sì fọ́ sí.

"Ẹ ní kó ka ìwé ìròyìn ọ̀la kó tó lọ síbì kankan," ló wí.

Ó fa ohun tó ti kọ láàárọ̀ ya. Láti ọdún mẹ́tàlélógún, ó ti bú olórin, ó ti bú àwọn tó ń gbè é, ó ti bú ẹni tó ya fọ́tò ẹ̀yìn páálí. Kò bú etí ara rẹ̀ rí. Ó kọ ọ́ pé orin àkọ́kọ́ ló dára jù nínú àkójọ náà, nítorí kò sí ẹni tó tíì yin ọmọ náà nígbà tó kọ ọ́. Ti orin "tuntun" yẹn, ó fi í sílẹ̀. Àṣírí ọmọ náà ni, kì í ṣe tòun. Lẹ́yìn náà ló padà sókè, ó kọ ìlà kan síwájú gbogbo rẹ̀: "Mo ṣì í gbọ́." Ojú tì í. Kò pa á rẹ́.

Kó tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́, ó tún fi orin kejì sí i, ó sì di ojú. Kí ohùn náà tó dé ibi tó ti ń pe ìyá rẹ̀, ó gbọ́ ohun tí kò gbọ́ rí: ọmọ náà gbé itọ́ mì, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí egungun ẹja há sí lọ́fun. Ó ti wà níbẹ̀ láti ọdún mẹ́rin wá.