Ohùn Tìmílẹ́yìn

Usamah fúnra rẹ̀ ló ń di ẹrù ìyàwó rẹ̀. Ó ká aṣọ Kaosarah, ọmọ wọn ọmọ ọdún mẹ́fà, bí sójà ṣe ń ká aṣọ, ó sì tò ó sínú báàgì. Fàtímọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó.

Oṣù kẹjọ nìyí tí Usamah ti fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀, tó ti Borno padà sí Ẹdẹ. Ara rẹ̀ nìkan ló padà. Ọkàn rẹ̀ ṣì wà lójú ogun. Bí táyà kẹ̀kẹ́ Márúwá bá bẹ́ ní títì, á ti dojú bolẹ̀. Àwọn ará àdúgbò kọ́kọ́ ń káàánú rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Àná ni ọ̀rọ̀ wá bẹ́yìn yọ. Kaosarah ti ilé kéwú dé, ó fò mọ́ bàbá rẹ̀ lẹ́yìn. Kí Usamah tó mọ ẹni tó jẹ́, ó ti gbé e ṣánlẹ̀. Apá ọmọ kán.

Ìdí nìyẹn tí Najeem, ẹ̀gbọ́n Fàtímọ̀, fi gbé mọ́tò wá láti Awo láti wá kó wọn lọ. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn dúró níta, ó ń dúró dè wọ́n.

"Bàbá Kaosarah," Fàtímọ̀ ní, "kí lẹ máa ń gbọ́ nígbà tí ẹ bá dojú bolẹ̀?"

Ó ti bi í léèrè títí kó tó di òní. Ṣe ni ọkùnrin náà máa ń dìde kúrò níbẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó jókòó sílẹ̀.

"Ohùn Tìmílẹ́yìn ni, sójà ẹgbẹ́ mi. Abọ́ kan náà la jọ fi ń jẹun. Lọ́jọ́ tí àwọn agbésùnmọ̀mí ká wa mọ́, ọta bà á lẹ́sẹ̀. Ó ń pè mí. Mo gbọ́ ọ, Fàtímọ̀, mi ò padà." Ó ti báàgì náà sọ́dọ̀ rẹ̀. "Máa lọ, kí n má baà pa ọ́."

Fàtímọ̀ yí gba iwájú kí ọkọ rẹ̀ lè rí i, kó tó jókòó tì í. Ó sọ fún un pé nọ́ọ̀sì tó tọ́jú apá ọmọ júwe dókítà kan l'Óṣogbo, tó ń tọ́jú irú àwọn ológun bẹ́ẹ̀. Usamah ní wèrè ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀.

"Ọgbẹ́ ni," ni èsì Fàtímọ̀. "Kò hàn síta ni."

Ó kó aṣọ tirẹ̀ kúrò nínú báàgì náà. Ó mú Kaosarah dé ìdí mọ́tò, ó bẹ Najeem pé kó bá òun tọ́jú ọmọ náà títí ara bàbá rẹ̀ yóò fi yá. Najeem bi í bóyá ó mọ ohun tó ń ṣe. Ó ní òun kò mọ̀.

Usamah na ọwọ́ sókè láti dágbére. Kaosarah kò wo ẹ̀yìn. Mọ́tò yà kúrò lójú títì, ọwọ́ bàbá rẹ̀ ṣì wà lókè.

"Ọ̀la la ó lọ s'Óṣogbo," Fàtímọ̀ ní.

Usamah sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "A ó lọ."