Jẹ́ríkò Ṣùkúrát

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀ sí i, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tó bá fẹ́ mu omi, kó lọ mu ún kó tó jókòó, torí ìtàn tí mo gbé wá fún yín kì í ṣe èyí tí à ń gbọ́ lórí ìdúró. Ìtàn ọmọ tó ń sáré ni. Àwọn àgbà ní ẹnìkan kì í dédé sáré nínú ẹ̀gún. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ní ń lé e. Òótọ́ ni. Àmọ́ ohun tó ń lé Ṣùkúrát kò sí lẹ́yìn rẹ̀. Inú orí rẹ̀ ló wà.

Ṣùkúrát yìí, Ìjòkó ló ń gbé, lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, Mùíbátù. Ìgbà yẹn ni ṣọ́ọ̀ṣì ń hù ní Ọ̀tà bí olú lẹ́yìn òjò, tí yunifásítì náà ń yọrí, tí oko ẹ̀gẹ́ ń di fẹ́ǹsì àti géètì. Iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe korobá oníke ní Sángo ló ti ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ̀rọ bá ti pọ korobá jáde, òun ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tí etí rẹ̀ bá wọ́, tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ kò bá dọ́gba, Ṣùkúrát á tì í sápá kan. Ríjẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Owó pọ́ọ́kú ni iléeṣẹ́ ń ta ríjẹ́ẹ̀tì fún òṣìṣẹ́, Mùíbátù a sì kó wọn lọ pàtẹ lábẹ́ bíríìjì Sángo. Ohun tí ọmọ kọ̀ ni ìyá ń tà jẹun. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ojú Ṣùkúrát mú. Lucy, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń dúró lẹ́nu ẹ̀rọ, a máa ní, "Ṣùkú, ìwọ lè rí àpá lára ẹyin." Ṣùgbọ́n ojú tó bá ti mọ́ lára láti máa wá àléébù, kì í mọ ìgbà tí iṣẹ́ parí. Bó bá délé, ara rẹ̀ ló ń yẹ̀ wò.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò le. Nọ́ọ̀sì iléeṣẹ́ ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru díẹ̀, kó máa fi ẹsẹ̀ rìn láàárọ̀. Ìrìn lásán o! Wọ́n ní kí ọmọ bu iyọ̀ sọ́bẹ̀, ó da àpò iyọ̀ sí i. Ìrìn di eré, eré di dandan. Á máa ka ìṣísẹ̀ rẹ̀ sẹ́nu bó ṣe ń sáré. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kọ òkúta pẹ́nrẹ́n, eré àárọ̀ yẹn ti di ríjẹ́ẹ̀tì, á padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹun kọjá bó ṣe rò, á tún fi eré kún un. Kò sì sí ọ̀nà tó tẹ́jú ní Ìjòkó nígbà náà, àfi èyí tí ṣọ́ọ̀ṣì Pásítọ̀ Ọláìtán to bíríìkì sí, tó yí fẹ́ǹsì wọn ká. Ibẹ̀ ni Ṣùkúrát sọ di pápá.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tó máa tẹ̀lé e. Ta ló máa rí ẹni tó ń yí fẹ́ǹsì ṣọ́ọ̀ṣì po nídàájí, tí ètè rẹ̀ ń mì, tó máa ní eré ìdárayá ni? Jẹ́ríkò ni! Bí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ṣe yí ìlú ọ̀tá ká kí odi rẹ̀ tó wó nìyẹn. Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà wọ́n. Màmá Oyèwọlé, tó jẹ́ olórí àwọn aládùúrà ibẹ̀, ló dá a dúró.

"Ọmọ mi, odi ta lò ń wó? Ṣé tiwa ni?"

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá mi dúró. Mo máa ní láti tún un bẹ̀rẹ̀!"

"Ẹ gbọ́! Ó ní bí èèyàn bá dá òun dúró, òun á tún bẹ̀rẹ̀! Kí lorúkọ rẹ?"

"Ṣùkúrát."

"Háà! Ọmọ Mùsùlùmí! Olúwa ti pè é!"

Ní àárọ̀ kejì, àwọn ìyá ti wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú agogo àti àtẹ́wọ́. Orin wọn da ìṣirò rú mọ́ ọn lórí, ó tún eré bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ wo agbára!" Ó sá fún wọn, wọ́n ní ó ti bọ́ sí ìpele míì.

Nílé náà ńkọ́? Àwọn obìnrin àsàlátù rí i pé kì í jẹun ọ̀sán, wọ́n ní ààwẹ̀ Ràmàdáánù tó pàdánù ló ń san. "Mùíbátù, ọmọ rẹ mọ Ọlọ́run o!" Mùíbátù a rẹ́rìn-ín, a gbé orí sókè. Àgbàrá ń wọ́ ilé lọ, onílé ń kan sáárá sí òjò.

Ọjọ́ tí Mùíbátù rí ojúgun ọmọ rẹ̀ ni ẹ̀rín tán.

"Kí lèyí, Ṣùkúrá?"

"Kò sí nǹkan, Màámi."

"Ẹsẹ̀ tó wú bí iṣu, kò sí nǹkan? O ò ní jáde lọ́la."

"Ó kù díẹ̀. Tí mo bá ti ṣe é kó pé lẹ́ẹ̀kan péré, láìsí àṣìṣe, mo máa sinmi."

"Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lo ti ń wí bẹ́ẹ̀! Ó kù díẹ̀, ó kù díẹ̀. Díẹ̀ wo ni kì í tán?"

Ó kó bàtà pamọ́ sínú korobá, ọmọ fi ẹsẹ̀ lásán sáré. Ó ti ilẹ̀kùn, ó gbọ́ gìrì gìrì nínú yàrá: Ṣùkúrát ń sáré lójú kan. Ó gbé ẹ̀bà fún un, ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́. Ó bẹ̀ ẹ́, ó bú u, ó sunkún. Nígbà tó sú u, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ lérí.

"Ẹni tí ebi ń pa, èèyàn á fún un lóúnjẹ. Ẹni tó rẹ̀, èèyàn á ní kó jókòó. Èyí tó ní oúnjẹ, tó ní àga, tó ń sá fún méjèèjì, kí ni kí n fún un?"

Àárọ̀ Sátidé kan ni egungun dáhùn. Ní igun fẹ́ǹsì, ó dún páù bí igi ẹ̀gẹ́ gbígbẹ, Ṣùkúrát ṣubú.

"Yéè! Ẹsẹ̀ mi o!"

"Ó ti bọ́ sínú ẹ̀mí!" Màmá Oyèwọlé lu agogo. "Gbà á, ọmọ mi! Gbà á!"

"Ẹ gbé mi!"

"Ẹ má fọwọ́ kàn án o. Iṣẹ́ abẹ ti ọ̀run ló ń lọ lọ́wọ́. Ẹ wá aṣọ fi bo ẹsẹ̀ rẹ̀."

Wọ́n bo ẹsẹ̀. Ohun tó yẹ kí ojú rí, òun gan-an ni wọ́n daṣọ bò.

"Egungun mi ti ṣẹ́!"

"Halelúyà! Egungun ọ̀tá ti ṣẹ́!"

Lucy ló ń kọjá lọ síbi iṣẹ́. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ni òun náà, ṣùgbọ́n ó mọ ohùn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ya wọ inú wọn, ó ṣí aṣọ kúrò.

"Ẹ̀yin màmá! Èèyàn ní ẹsẹ̀ òun ṣẹ́, ẹ ní kó gbà á. Kí ló fẹ́ gbà?"

Agogo dákẹ́. Màmá Oyèwọlé wo ẹsẹ̀ náà, ó bú sẹ́kún. Pásítọ̀ Ọláìtán kò wàásù, ó lọ gbé mọ́tò rẹ̀ wá.

Nílé ìwòsàn, Dókítà Ọ̀ṣìnúbí pe Mùíbátù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Mà, egungun á jinná. Eré yìí ni kò ní jẹ́ kó jinná. A máa tọ́jú ohun tó wà lọ́pọlọ rẹ̀ náà."

"Ọpọlọ? Ẹ ní ọmọ mi ya wèrè? Kò sí wèrè nínú ìdílé wa, nílé Àmọ̀dá!"

"N kò pe wèrè, Mà. Tí ẹ bá ń rọ omi sí korobá, ọpọlọ yín á ní ó ti tó. Tirẹ̀ kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Omi ń dà sílẹ̀, ó ń rọ ọ́ lọ. A ní ẹni tó máa bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó máa pẹ́."

"Báwo ló ṣe máa pẹ́ tó?"

"N kò mọ̀, Mà."

Inú bí Mùíbátù. Dókítà tó kàwé tó yẹn, n kò mọ̀ ló rí sọ!

Wọ́n di ẹsẹ̀, wọ́n gbé e délé. Ṣùkúrát kọjú sí ògiri. "Dókítà ní ó lè wọ́ díẹ̀ tó bá jinná. Mo ti di ríjẹ́ẹ̀tì, Màámi."

Mùíbátù dìde fùú. Ó gbé korobá tí wọ́n fi ń wẹ̀ wá, ó gbé e ka iwájú rẹ̀.

"Ta ló kọ eléyìí?"

"Èmi ni."

"Kí ló ṣe?"

"Etí rẹ̀ wọ́."

"Ó ń jò?"

Ọmọ tún kọjú sí ògiri.

"Mo ní, ṣé ó ń jò?"

"Kò jò."

"Ríjẹ́ẹ̀tì la fi ń jẹun nílé yìí. Ríjẹ́ẹ̀tì ló san owó ilé tí o sùn sí yìí. Má tún fi ọ̀rọ̀ yẹn bú ara rẹ létí mi!"

Mùíbátù gbé ẹ̀bà wá, ó jókòó. Àfi bó ṣe rí i tí aṣọ ìbora ń mì. Ẹsẹ̀ tó kù, èyí tí kò ṣẹ́, ló ń lọ tó ń bọ̀ lábẹ́ aṣọ.

"Ṣùkúrá."

"Ó kù díẹ̀, Màámi."

Mùíbátù kò bú u mọ́. Ó fọwọ́ méjèèjì di ẹsẹ̀ náà mú. Ẹsẹ̀ ń tì, ọwọ́ ń dì í, títí ẹ̀bà fi tutù.

"Ó tó," ni ìyá wí.

Ṣùkúrát kò wí pé ó tó. Ó kàn ní, "Ẹ sún àwo yẹn mọ́ mi." Ó fi omijé jẹ òkèlè kan, ó mú ìkejì. Ìyá rẹ̀ kò tíì fi ẹsẹ̀ sílẹ̀.

Lucy ló sọ ọ́ fún mi, nígbà tó wá ra àgbàdo lọ́dọ̀ wa ní Adó-Odò. Ó ní èyí tí òun kò fojú rí, ẹnu Mùíbátù lòun ti gbọ́ ọ, lábẹ́ bíríìjì, níbi tó ti ń ta korobá. Bó ṣe gbé e fún mi ni mo ṣe gbé e fún yín. Bí etí rẹ̀ bá wọ́, ẹ ṣáà yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ń jò.