Àtàǹpàkò Tó Mọ Omi Líle

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, mo bẹ̀ yín, ẹ ṣọ́ra. Bí wọ́n bá pààrọ̀ omi nílé yín, ẹ má rò pé omi nìkan ni wọ́n pààrọ̀. Ọwọ́ tó mọ omi àtijọ́ lè tan ẹni tó ni ín jẹ. Kò sì ní sọ fún yín kó tó tàn yín.

Aṣerunlóge kan wà tí àwọn oníbàárà ń pè ní Ìyá Àtàǹpàkò. Ọdún méjìlélógún ló ti ń ṣe irun nínú yàrá kan náà, nísàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, omi líle ló sì ń lò. Omi náà le débi pé ọṣẹ kì í fẹ́ hó nínú rẹ̀. Ó máa ń dì funfun sídìí kẹ́tìlì, irun tí wọ́n bá sì fi fọ̀ á gan bí okùn. Síbẹ̀, omi burúkú náà ní ìwúlò kan. Bí obìnrin yìí bá ti fi ìpara, irú èyí tó máa ń jóni lórí bó bá pẹ́ nínú irun, na irun ẹni, tó wá ń fi omi ṣan án, á fi àtàǹpàkò fa irun náà láti ìdí dé ṣóńṣó. Bí ìpara bá ṣì kù, irun á máa yọ̀. Bó bá ti tán, irun á dún kín-ín lábẹ́ ìka. Ìgbà yẹn ló máa ń pa omi. Kò jó ẹnikẹ́ni lórí rí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti ra ọṣẹ kan fún un rí, irú èyí tí ìfófó rẹ̀ máa ń pupa bí ìpara bá kù nínú irun. Ó gbà á, ó dúpẹ́, ó gbé e sórí pẹpẹ. Kò ṣí i. Ó ní ẹni tó ń fojú ríran, kí ló fẹ́ fi ọ̀pá ṣe?

Ìgbà tó yá, onílé ní omi líle ti dí gbogbo páìpù òun. Ó gbé àgbá kan wá sẹ́yìn ilé, wọ́n ń da iyọ̀ sínú rẹ̀, omi tó bá gba ibẹ̀ kọjá á sì rọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọṣẹ díẹ̀ hó dé ìgbọ̀nwọ́ Ìyá Àtàǹpàkò. Inú rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi omi ṣan orí akọ̀wé kan tó wá fọ irun, ó fa irun, kò dún. Ó tún ṣan án. Kò dún. Ó ṣan án lẹ́ẹ̀meje.

"Ìyá, ṣé irun lẹ ń fọ̀ ni, àbí ẹ fẹ́ fọ̀ mí dé ọpọlọ?"

"Ẹ fara balẹ̀, ọṣẹ kò tíì kúrò."

"Ọṣẹ ti délé tipẹ́. Ọrùn mi ló kù síbí."

Ó lọ bá oníṣẹ́ páìpù tó gbé àgbá náà sílẹ̀. Ìyẹn rẹ́rìn-ín.

"Bí omi tó rọ̀ ṣe máa ń rí nìyẹn, Ìyá. Á máa yọ̀ ni. Ẹ fi omi ṣan án lẹ́ẹ̀mẹta, ó tó."

Òótọ́ ló sọ, nípa ọṣẹ. Kò sẹ́ni tó bi í nípa ìpara. Ìyá Àtàǹpàkò sì gbà á gbọ́, torí pé ọkùnrin náà kàwé, òun kò kà á dé ibì kan.

Ẹni àkọ́kọ́ tó wá na irun lẹ́yìn tí omi yí padà ni ẹ̀gbọ́n yìí kan náà. Opó ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ọkùnrin kan sì ti rí i tó ní òun yóò fẹ́ ẹ. Ọjọ́ kejì ló fẹ́ lọ fojú kan àwọn ọmọ ọkùnrin náà fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Wọ́n á wò mí látòkè délẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Òkè ni wọ́n á sì ti bẹ̀rẹ̀. Tún òkè ṣe fún mi dáadáa."

"Ìyàwó tuntun, ẹ gbé orí sẹ́yìn."

"Ṣe iṣẹ́ ẹ, jàre."

Ó fi ìpara na irun náà, ó ṣan án. Àtàǹpàkò fà á, ó yọ̀. Ṣé ìpara ni? Ṣé omi ni? Tẹ́lẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ìbá ti dáhùn. Ó rántí oníṣẹ́ páìpù. Ó ṣan án lẹ́ẹ̀mẹta, ó pa omi, ó fi táwẹ̀lì wé e.

Kò pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n fi ní, "Ẹ̀yìn orí mi ń ta mí."

"Á rọlẹ̀."

"Ó ń ta mí gan-an, àbúrò mi."

Ó tú táwẹ̀lì. Ó ki òòyà bọ ẹ̀yìn orí, òòyà sì sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́, pẹ̀lú ìdì irun kan nínú rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí pẹpẹ, ó fi eyín ṣí ọṣẹ tí kò ṣí láti ọjọ́ yìí, ó dà á sórí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó hó pupa. Ó tún fọ̀ ọ́, ó pupa. Ó ń fọ̀ ọ́, ó ń gbàdúrà, títí ó fi hó funfun. Nígbà yẹn, irun ti dí ojú ihò bàsíà ìfọrun. Omi ì báà le, ì báà rọ̀, kò sí èyí tó lè dá a padà.

Ẹ̀gbọ́n gbé orí sókè. Iwájú dára nínú díńgí, ó ń dán. Ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì, ó rẹ́rìn-ín sí ara rẹ̀.

"Ó ti rọlẹ̀. O mọṣẹ́, a ò lè purọ́. Gbé díńgí kékeré wá kí n wo ẹ̀yìn."

Díńgí kékeré wà lọ́wọ́ Ìyá Àtàǹpàkò. Ó gbá a mọ́ àyà rẹ̀, ojú díńgí sínú.

"Kí ló dé? Báwo ló ṣe rí lẹ́yìn?"

Omi ṣì ń kán nínú bàsíà.

"Àbúrò mi, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Báwo ló ṣe rí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bi mí."

Ẹ̀gbọ́n tún bi í, ó tún bi í. Ìyá Àtàǹpàkò ṣì di díńgí náà mú mọ́ àyà.