Hítà Màámi

Ọdún kejì tí àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀ ni Màámi, ìyá ọkọ mi, kó wá sọ́dọ̀ wa ní Ọgbà nílùú Èkó láti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Làkúrègbé ti mú wọn lẹ́sẹ̀, omi gbígbóná nìkan ló ń mú ara tù wọ́n. Láràárọ̀ ni mò ń gbé omi kaná, tí mo ń gbé e gun àtẹ̀gùn lọ sí bálùwẹ̀ òkè kí n tó sáré lọ kọ́ àwọn ọmọ níléèwé. Ìbàdí fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Job ọkọ mi gbà pé ká ra hítà. Irú èyí tá a máa rà wá di àríyànjiyàn. Òun fẹ́ kékeré tó ń mú omi gbóná lójú ẹsẹ̀, torí ó rí i nílé ọ̀gá rẹ̀ kan ní Aláúsá. Mo ní omi wa ò lágbára tó bẹ́ẹ̀: láàárọ̀, á kọ́kọ́ ya dáadáa, kó o tó ṣan ọṣẹ kúrò lójú, á di ìtọ̀ ewúrẹ́. Ẹni tó ń tà á ní Ìkẹjà gbè mí lẹ́yìn, ó ní onítáǹkì, èyí tó ń gba omi pamọ́ kó tó mú un gbóná, ni kò ní yọ wá lẹ́nu. A rà á. Mo rò pé ìyà ti tán.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n so ó, mo lọ dán an wò kí n tó pe Màámi. Omi gbígbóná ya sí mi lọ́wọ́, inú mi dùn. Kò pẹ́, ó ń kán tó, tó. Ó sú mi débi pé mo fẹ́ sunkún. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ wo ẹ̀yìnkùlé.

Màámi ni mo bá níbẹ̀. Wọ́n ti ṣí ẹ̀rọ omi kíṣìnnì àti ti ẹ̀yìnkùlé sílẹ̀, korobá ń kún, dúrọ́ọ̀mù ń kún, wọ́n sì ń wọ́ ẹsẹ̀ láàárín wọn.

“Màámi, ṣé ojoojúmọ́ lẹ ń ṣe èyí?”

“Ojoojúmọ́ ni, ìyàwó mi. Omi Èkó ò ṣe é gbọ́kàn lé. Mi ò fẹ́ kó o tún máa pọnmi tó o bá ti ibiṣẹ́ dé.”

Job ni mo ti ń dúpẹ́ omi tí mò ń bá nínú dúrọ́ọ̀mù lọ́wọ́ rẹ̀ látọjọ́ yìí, ó sì ń gba ọpẹ́.

Mo ṣàlàyé fún wọn pé ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ tí wọ́n ń ṣí ló ń fa omi òkè gbẹ, pé kí wọ́n sinmi, kí wọ́n kàn máa wẹ̀. Wọ́n ti ẹ̀rọ méjèèjì pa. Wọ́n nu ọwọ́ wọn sára ìró.

“Ó dáa. Kí ni n óò wá máa ṣe nínú ilé yìí?”

Àánú wọn ṣe mí ju ìbàdí mi lọ. Mo tún ẹ̀rọ náà ṣí, mo bá wọn di etí korobá mú, a jọ dà á sí dúrọ́ọ̀mù.