Ọ̀rọ̀ Fadérera Ní Àlọ, Kò Ní Àbọ̀

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jókòó, ẹ̀yin tíṣà ẹgbẹ́ mi, torí àlá tí mo lá lọ́sàn-án àná kì í ṣe èyí tí èèyàn ń sọ lórí ìdúró. Ẹ̀yin náà rí ojú mi lọ́jọ́ Sátidé. Àwọn ọmọ wa gba ipò kìíní nínú ìdíje ìṣirò, gbogbo yín ń jó, èmi nìkan ni mo ń wo ẹnu géètì bí ẹni tó ń retí mọ́tò. Fadérera ni mo ń retí, nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí tó wà ní ilé ìwòsàn Òkè-Ọ̀pẹ. Odindi ọdún kan ni mo ti ń yí i ká, tí mo ń bá a gbé báàgì, tí mo ń bá a tún rédíò ṣe. Lọ́jọ́bọ̀, mo ní kó wá wo ìdíje wa. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Tíṣà, bí o bá rí mi níbẹ̀, mo ti gbà láti fẹ́ ẹ nìyẹn."

Ìdíje bẹ̀rẹ̀, ìdíje parí, mi ò rí ojú ẹ̀, mi ò rí ẹ̀yìn ẹ̀. Mo bá sọ fún ara mi pé ó ti kọ̀ mí. Inú mi bàjẹ́ gan-an, ẹ má jẹ̀ẹ́ n purọ́ fún yín. Lánàá, mo ti ìsìn dé, mo jẹ ẹ̀bà díẹ̀, mo fẹ̀yìn ti àga, oorun bá gbé mi lọ.

Mo bá ara mi níwájú pátákó ìkọ̀wé. Mo ti kọ ọ́ gàdàgbà pé: "Fadérera kò wá. Nítorí náà, ó ti kọ̀ mí." Bí mo ṣe fẹ́ fi àmì ìdánudúró sí i, ṣọ́ọ̀kì ọwọ́ mi wúkọ́.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí kọ irọ́," ó ní. "Ọmọ ilé ire ni mí."

Kò yà mí lẹ́nu. Mo ní, "Irọ́ wo? Ṣé ìwọ rí i níbẹ̀ ni?"

"Mi ò rí i. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹsẹ̀ yín."

Mo wò ó. Bàtà mi ti di pátákò ewúrẹ́, ó ń dán. Pátákó wà níwájú mi, pátákò wà lẹ́sẹ̀ mi, ohùn nìkan ló yà wọ́n. Mo ní kò burú, ó ṣáà bá ṣòkòtò mi mu.

Ṣọ́ọ̀kì ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn: ẹni tó bá yí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ sódì, ewúrẹ́ ni yóò dà, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ọ́fíìsì kan ṣoṣo ló sì lè gbà á sílẹ̀. Kó tó sọ ọ́ tán, kíláàsì ti di adágún omi. Ọ́fíìsì náà léfòó sókè lórí omi, wọ́n fi okùn ìsáṣọ so ó mọ́ igi máńgòrò kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ sí ìlú mìíràn. Mo dì mọ́ okùn, mo ń gùn ún lọ. Gbogbo bí mo ṣe ń gùn ún, ìsàlẹ̀ ni mo ń lọ, ṣùgbọ́n mo dé òkè láìpẹ́.

Wọ́n kọ ọ́ sára ìlẹ̀kùn pé: "Ìlẹ̀kùn yìí á ṣí bí ẹ bá kàn án lẹ́ẹ̀mejì, kò sì ní ṣí àfi bí ẹ bá kàn án lẹ́ẹ̀mejì." Mo ń kánjú, mo kàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìlẹ̀kùn ní kí n máa gbádùn atẹ́gùn ìta. Mo kàn án lẹ́ẹ̀kan, ó ń hanrun. Mo wá kàn án lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣí, ó tilẹ̀ bá mi gba fìlà.

Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan ló jókòó sídìí tábìlì. Àbúrò ń jẹ́ Bí. Ó sanra, ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu rẹ̀, ó ń pe gbogbo ẹni tó ń kọjá pé kí wọ́n wọlé. Ẹ̀gbọ́n ń jẹ́ Àfi-Bí. Òun tẹ́ẹ́rẹ́, ó wé gèlè mọ́rí pinpin, kọ́kọ́rọ́ bí ogún ló so mọ́dìí. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀, pátákò ò jẹ́, mo bá kúnlẹ̀.

"Kí lọmọ náà sọ gan-an?" Bí ló bi mí. "Sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, má fi iyọ̀ sí i."

"Ó ní bí mo bá rí òun níbi ìdíje, òun ti gbà láti fẹ́ mi nìyẹn, mà."

Bí fọwọ́ gbá àyà. "Èmi ló rán níṣẹ́. Ṣé ó dárúkọ ẹ̀gbọ́n mi?"

"Rárá, mà."

Àfi-Bí wá gbójú sókè. "Kò ránṣẹ́ sí mi. Kò ní àfi bí o bá rí òun. Kí ló dé tí o wá ń wọ́ mi lọ síbi tí wọn ò pè mí?"

Mo ní kí wọ́n má bínú, ṣùgbọ́n ṣé kì í ṣe ọ̀kan náà ni? Bí ìyá bá sọ fún ọmọ pé bó bá fọ abọ́, yóò jẹ ẹran, ṣé ọmọ náà ò mọ̀ pé bí òun ò bá fọ abọ́, ẹran ti lọ nìyẹn?

"Ọmọ yẹn náà ń di ewúrẹ́ díẹ̀díẹ̀," Àfi-Bí ní.

Bí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Bí ìyá àgbà bá wá bù ú fún un ńkọ́? Ẹran lè gba ọ̀nà mìíràn wọlé. Ṣé ẹ ò tilẹ̀ gbọ́ òwe yín mọ́ ni? Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. O rí obìnrin tó ń jẹ́ Kúmólú, o mọ̀ pé ó nídìí. Ṣùgbọ́n ṣé gbogbo obìnrin tó nídìí ni wọ́n ń sọ ní Kúmólú?"

Ẹ̀gbọ́n Ládépò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹ̀rín ba ìtàn jẹ́. Ìdí ọ̀rọ̀ ni màmá ń sọ, kì í ṣe ìdí tí ẹ̀yin ń rò.

Mo bi wọ́n pé ìgbà wo làwọn méjèèjì wá máa ń jọ ṣiṣẹ́. Àbúrò súfèé, onígun mẹ́ta kan sì wọlé, ó wọ sálúbàtà mẹ́ta. Ó ní, "Bí ẹ̀gbẹ́ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá gùn dọ́gba, igun mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á dọ́gba. Igun mi ò sì lè dọ́gba àfi bí ẹ̀gbẹ́ mi bá dọ́gba. Ẹnu ọ̀nà tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ gbà, ẹ ó bá mi nílé." Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò bá di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n di ọfà kan tó ní ẹnu níwájú, tó ní ẹnu lẹ́yìn. Ọfà náà ta jáde lójú fèrèsé, ó tún gba ojú fèrèsé náà wọlé, wọ́n jókòó padà.

"Ọ̀rọ̀ àlọ-àtàbọ̀ nìyẹn," Àfi-Bí ní. "Ọ̀rọ̀ Fadérera ní àlọ, kò ní àbọ̀. Ìwọ lo lọ rán àbọ̀ mọ́ ọn."

Ojú tì mí. Ọdún mọ́kànlá rèé tí mo ti ń ya ọfà ẹlẹ́nu méjì yìí sí pátákó nínú iṣẹ́ ìṣirò, tí mo ń fi í yọ ọmọ ọlọ́mọ lẹ́nu.

Ibẹ̀ ni ọ̀gá wọn ti jáde láti inú fáìlì kan. Ó wọ táì, ó mú òǹtẹ̀ dání. Ó ní, "Kí lẹ ń fi ọ̀rọ̀ gígùn ṣe? Kò wá, ó ti kọ̀ ọ́, ó parí." Bó ṣe lu òǹtẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ké "mẹ̀ẹ̀ẹ̀", ó di ewúrẹ́ tòun ti táì. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà," torí ipò ọ̀gá ò kúrò lára rẹ̀. Ó mi irùngbọ̀n sí mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ fáìlì náà.

Mo rọra bi Bí pé, "Ṣé gbogbo ewúrẹ́ ìlú wa ló ti ṣe ọ̀gá rí ni, mà?"

"O tún ti bẹ̀rẹ̀," ó ní. "Wo orúnkún rẹ."

Irun ti bo orúnkún mi lóòótọ́, àgbọ̀n sì ń yún mi. Mo yáa sáré tún ọ̀rọ̀ mi sọ. Mo ní Fadérera kò wá, mi ò sì mọ̀ bóyá ó gbà tàbí kò gbà. Pátákò méjèèjì bọ́ sílẹ̀ gbàgà. Àyà mi fúyẹ́ ju bó ti rí láti ọjọ́ Sátidé lọ. Ohun tí mi ò mọ̀ wá dùn mọ́ mi ju ohun tí mo rò pé mo mọ̀ lọ.

"Ta ló wá mọ̀ ọ́n, mà?" mo ní.

"Ẹni tó ni ẹnu rẹ̀ ló mọ̀," Àfi-Bí ní. "Ṣé o ti bi í?"

Kí n tó dáhùn, ẹnìkan kanlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì.

Mo lajú. Ìlẹ̀kùn ilé tèmi ni wọ́n ń kàn. Mo ṣí i, Fadérera ló dúró níbẹ̀ nínú aṣọ iṣẹ́, ojú rẹ̀ pọ́n, ó fi okùn fa ewúrẹ́ kan dání. Ewúrẹ́ wò mí, mo tẹríba fún un.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà," mo ní.

"Tíṣà, èmi ni mo kanlẹ̀kùn," Fadérera ní. "Bàbá ìbejì kan ló fi èyí dá mi lọ́lá. Ìdájí Sátidé ni ìyá wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí, mi ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí di àárọ̀ òní. Wọ́n ní o fajú ro níbi ìdíje bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀."

"Mo rò pé o ti kọ̀ mí ni."

"Ta ló gbọ́ ìyẹn lẹ́nu mi? Mo ní bí o bá rí mi níbẹ̀, mo ti gbà. Ṣé mo ní bí o ò bá rí mi, mo ti kọ̀?"

"O ò sọ bẹ́ẹ̀."

Ó pòṣé, ṣùgbọ́n ẹ̀rín wà nínú òṣé náà. "Odindi tíṣà ìṣirò. Ọdún kan gbáko lo ti ń bá mi gbé báàgì kiri. Ṣé o tíì fi ẹnu ara rẹ bi mí rí?"

Mo ro ó títí, mi ò bi í rí. Mo ní, "Bí mo bá bi ẹ́, ṣé wàá dáhùn?"

"Bí o bá bi mí, màá dáhùn," ó ní. "Mi ò sì ní dáhùn àfi bí o bá bi mí."

Mo gba okùn ewúrẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì bi í. Torí náà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi Sátidé ìparí oṣù yìí ṣe nǹkan kan. Ẹ ó bá mi lọ sílé àwọn òbí rẹ̀. Mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ wa ni.