Ibùsùn Wọlé-wọlé

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni obìnrin alágbàfọ̀ kan jáde ní yàrá ìfọṣọ ilé ìwòsàn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì ti hunjọ nítorí omi. Láti àárọ̀ ló ti ń kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì jáde nínú ẹ̀rọ, tó ń nà wọ́n, tó ń ká wọn. Ohun kan ṣoṣo tó wù ú ni kó délé, kó na ẹ̀yìn, kí ẹnikẹ́ni má sì pè é. Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ rẹ̀ ti ń dúró dè é lẹ́nu géètì ilé ìwòsàn. Aládùúgbò kan ló mú un wá; ìyá ọkọ mú ọ̀pá lọ́wọ́ kan, ó sì gbé ajá sí abíyá kejì. Wọ́n ti jọ ṣàdéhùn pé ọjọ́ náà làwọn á lọ ra ibùsùn fún ajá.

Wọlé-wọlé ni wọ́n ń pe ajá yìí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, ara rẹ̀ gùn, kò sì síbi tí kì í wọ̀, bí òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó tó ń wọlé onílé kiri. Bí aṣọ ìdọ̀tí bá wà nílẹ̀, á wọ abẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá fi kúbùsù sórí àga, á fi imú wá ọ̀nà, á rá wọ inú rẹ̀ títí tí kò fi ní ku nǹkan kan lóde. Màmá, ìyá ọkọ náà, ló ni ín. Látìgbà tí ojú màmá ti fọ́, tí ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ awakọ̀ tírélà sì ti mú un wá sílé, ajá náà ni alábàárò rẹ̀. Awakọ̀ kì í gbélé. Ìyàwó rẹ̀, alágbàfọ̀ yìí, ló ku gbogbo rẹ̀ sí lọ́wọ́: iṣẹ́, ilé, màmá, ajá.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, màmá jókòó sórí àga láìmọ̀ pé Wọlé-wọlé wà lábẹ́ kúbùsù. Igbe ajá náà gba gbogbo ilé kan. Nígbà tí ìyàwó fi máa sáré dé pálọ̀, màmá ti dìde, ó ń fọwọ́ tá ilẹ̀ kiri, ó ń béèrè pé kí ló ṣe é, ta ló ṣe é. Ìyàwó wo ojú rẹ̀, àánú sì ṣe é. Ó ní òun ni, òun ló ń kánjú kọjá tí òun tẹ ajá lẹ́sẹ̀.

Látọjọ́ náà ni màmá ti dákẹ́. Bí ìyàwó bá kí i, á dáhùn. Bó bá gbé oúnjẹ fún un, á ní ó ṣeun. Ó tán síbẹ̀. Ìyàwó sì ń rò ó lọ́kàn pé òun ti fọwọ́ ara òun fa wàhálà kún wàhálà.

Nígbà tí wọ́n gbé ajá lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, ó fi báńdéèjì di ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní bí Ọlọ́run ṣe dá irú rẹ̀ nìyẹn, rírá ni wọ́n máa ń rá wọ abẹ́ nǹkan, kí wọ́n wá ibi tó lè rá sí fún un, tí ẹnikẹ́ni ò ní jókòó lé lórí.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ọmọbìnrin tó ń tajà kọ́kọ́ gbé ibùsùn tó rí roboto, tí orí rẹ̀ ṣí sílẹ̀, wá. Màmá fọwọ́ yí i ká, ó ní abọ́ lèyí. Ó ti ọwọ́ bọ èkejì títí dé ìgúnpá. Ẹnu ibùsùn náà wó mọ́ ọn lọ́wọ́, ó béèrè pé bí ajá bá wọbẹ̀, ibo ló ti fẹ́ mí? Ẹ̀kẹta rọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n òwú inú rẹ̀ kọ́ màmá léèékánná, màmá ní ajá tí ẹsẹ̀ ń dùn ò gbọ́dọ̀ kọ́ sínú okùn. Ìyàwó fara ti ògiri, ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé. Nǹkan kan ṣoṣo ló béèrè: ṣé aṣọ rẹ̀ ṣeé bọ́ fọ̀?

“Èyí tó ṣeé bọ́ ni kó o wá fún wa,” ni màmá wí fún ọmọbìnrin náà. “Ìyàwó mi ló máa fọ̀ ọ́.”

Ọmọbìnrin náà wọ ẹ̀yìn lọ wá òmíràn. Àwọn méjèèjì jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ajá wà láàárín wọn. Màmá fọwọ́ wá báńdéèjì ẹsẹ̀ ajá.

“Èmi ni mo jókòó lé e,” ló sọ. “Mo mọ̀ ọ́n lára. Ó jà pìtìpìtì lábẹ́ mi.”

“Màmá, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.”

“Mi ò fi í sílẹ̀. O gba ẹ̀bi mi rù, mo sì dákẹ́. Ojú ló ń tì mí tí mi ò fi lè bá ẹ sọ̀rọ̀. O rò pé mò ń bínú sí ẹ?”

“Mo rò bẹ́ẹ̀, mà.”

Màmá fọwọ́ wá ọwọ́ rẹ̀ títí tó fi rí i, ó sì ń fi àtàǹpàkò ra ibi tó hunjọ náà. “Ó ti rẹ̀ ẹ́, àbí?”

“Ó rẹ̀ mí, màmá.”

Láti ọdún mẹ́rin tí wọ́n ti jọ ń gbé, kò sọ ọ́ jáde rí. Bó ṣe sọ ọ́ tán báyìí, omi dà lójú rẹ̀, ó sì jẹ́ kó máa dà.

Èyí tí ọmọbìnrin náà gbé dé kẹ́yìn dà bí àpò tí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Wọ́n fi nǹkan líle yí ẹnu rẹ̀ po kó má baà wó, ẹnu náà sì sún mọ́lẹ̀ tó fún ajá tó ń tiro. Aṣọ rẹ̀ ṣeé bọ́. Wọlé-wọlé gbóòórùn rẹ̀, ó wọlé, ó yípo lẹ́ẹ̀mejì, ó sì pòórá. Màmá na ọwọ́ sí i, ó kan imú tútù, ó ní kí wọ́n dì í.

Nígbà tí wọ́n délé, wọ́n gbé e sí igun tí kò sí àga. Màmá ní kí ìyàwó lọ sùn, òun á máa bójú tó ilé. Ìyàwó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò lágbára rẹ̀. Kò bọ́ bàtà kejì tán tí oorun fi gbé e lọ.

Ìró omi ló jí i. Màmá ti fọ gbogbo abọ́ inú kíṣìnì, kò sì ti ẹ̀rọ omi pa dáadáa. Omi ti kún ilẹ̀ débi ìlẹ̀kùn. Màmá dúró sáàárín rẹ̀, aṣọ rẹ̀ tutù dé orúnkún, ó ní òun ti ń parí lọ. Ìyàwó ní ó dára, mà. Ó ti ẹ̀rọ pa, ó mú aṣọ ìnulẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu ilẹ̀.